Okùn Ìbọn Àfọwọ́rán

Ẹ̀yin aránṣọ àti ẹ̀yin tí ẹ ń rán báàgì, tí rédíò yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lónìí, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ jọ ti ọdẹ.

Okùn ìbọn ni ọ̀rọ̀ wa: okùn fífẹ̀ tí ọdẹ fi ń gbé ìbọn kọ́ èjìká, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi ń ráyè láti ya ewé lójú ọ̀nà, láti tú pàkúté, láti gbé ẹran tó bá pa wálé. Ẹni tí kò bá dẹ ìgbẹ́ rí lè rò pé nǹkan kékeré ni. Kì í ṣe nǹkan kékeré rárá. Ohun tó so mọ́ okùn yẹn kì í ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Àwọn àgbà tó ní, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ẹnu rẹ̀ sí òun?" mọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọdẹ àgbà kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ. Ṣakabùlà ni ìbọn rẹ̀. Tíúbù táyà tó ti gbó ni ó gé tí ó fi ṣe okùn rẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó sì fi di orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìbọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bó ti ń gba orí igi tí wọ́n fi dábùú odò kọjá, ìbọn já bọ́ lé àpáta, ìdí rẹ̀ sì là sí méjì. Ọpẹ́ ni pé ó ti yìn ín lóru, kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tó gbé e délé, àwa ọmọdé rọ̀gbà yí i ká. Mo di tíúbù náà mú, mo fà á, mo tún fà á, kò já. Wáyà ló ti jẹ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan títí ó fi gé e kúrò. Ara okùn pé pérépéré, ibi ìsopọ̀ ló bàjẹ́.

Iṣẹ́ báàgì rírán ni mo wá kọ́ nígbà tí mo dàgbà, okùn báàgì àti okùn ìbọn tí mo sì ti bá àwọn ènìyàn tún ṣe kò ṣeé kà mọ́. Ohun kan náà ni mò ń bá pàdé. Okùn kì í sábà já láàárín. Níbi tí a ti rán an pọ̀, níbi tí a ti dè é, níbi tí irin ti ń rẹ́ ẹ, ibẹ̀ ni ó ti ń já. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe okùn ìbọn olówó pọ́ọ́kú lè dín owó kù lórí okùn bó bá ti wù ú. Iṣẹ́ ojú ìrán ni kó má dín kù.

Kí n tó wọ inú iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n rántí òfin. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1959, kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní ìbọn lọ́wọ́ láìgba ìwé àṣẹ, kódà bó jẹ́ ṣakabùlà. Ẹ̀yin aránṣọ, bí oníbàárà bá gbé ìbọn wá sí ṣọ́ọ̀bù yín pé kí ẹ bá òun rán okùn rẹ̀, ẹ ní kó gbé e padà sílé, kó wọn ìbú irin tí okùn yóò gbà kọjá, kó sì mú ìwọ̀n wá. Ìwọ̀n ni máṣíìnì yín nílò.

Awọ ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́. Awọ dára, ó ń rọ̀ mọ́ èjìká, ọ̀pọ̀ àgbà ọdẹ kò sì fẹ́ gbọ́ pé nǹkan mìíràn wà. Ṣùgbọ́n awọ àti òjò kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bó bá rẹ, a wú. Bó bá gbẹ, a le, a sán. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà rí ìyọnu mìíràn lára rẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn. Bí wọ́n bá fi ọta onídẹ sínú bẹ́líìtì aláwọ, oje tí wọ́n fi ṣe awọ yóò mú kí idẹ náà yọ ìpẹta aláwọ̀ ewé, ọta á sì há sójú ihò rẹ̀. Ọ̀gágun wọn kan, Anson Mills, ló wá ronú pé kí a fi òwú ṣe é. Ọgbọ́n rẹ̀ tó wù mí jù lọ ni pé wọ́n hun bẹ́líìtì náà àti àpò ọta ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí òfì. Kò sí ojú ìrán kankan níbẹ̀. Ọkùnrin náà mọ ibi tí bẹ́líìtì ti ń já, ó sì mú ibẹ̀ kúrò pátápátá.

Lẹ́yìn tí ogun Boer tí Gẹ̀ẹ́sì jà ní Gúúsù Áfíríkà láti 1899 sí 1902 ti fi hàn wọ́n pé awọ kò bá iṣẹ́ ogun mu mọ́, àwọn náà gba òwú híhun yìí fún ẹrù ọmọ ogun wọn ní 1908. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa nìyẹn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ jagun ní Bọ́mà pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà 81 àti 82 nígbà ogun Hitler, òwú híhun ni bẹ́líìtì wọn, òun náà ni okùn ìbọn èjìká wọn. Okùn ìbọn náà fẹ̀ tó ìnṣì kan àti ìdámẹ́rin, wọ́n sì fi idẹ dé orí rẹ̀ méjèèjì kí ó má baà tú. Ẹni tó bá mọ òfì kò ní rí ohun àràmàǹdà kan níbẹ̀. Aṣọ òfì tóóró náà ni, àfi pé òwú rẹ̀ ki, wọ́n sì lù ú pọ̀ dáadáa. Ìdí tó fi fẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ìyá ọlọ́mọ: bí a bá fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ pọn ọmọ, á gé ìyá, á gé ọmọ, ọ̀já fífẹ̀ ló ń pín ìwúwo káàkiri ara.

Lóde òní ọ̀rá ló pọ̀ jù. Ní 1935 ni Wallace Carothers àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣe náílọ́ọ̀nù jáde. Ní 1941 ni àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Whinfield àti Dickson, ṣe èyí tí a ń pè ní pọliẹ́sítà. Ẹ̀kẹta ni pọlipropílìnì, tó dé lẹ́yìn wọn. Òun ló wọ́pọ̀ jù lára okùn báàgì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní ọjà wa. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra lójú, ìwà wọn kò jọra rárá, ẹ sì lè dá wọn mọ̀ nílé yín láìsí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan nítòsí. Ẹ gé díẹ̀ lára okùn náà, ẹ jù ú sínú abọ́ omi, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Bó bá léfòó, pọlipropílìnì ni. Bó bá rì, náílọ́ọ̀nù tàbí pọliẹ́sítà ni, tàbí òwú gidi. Bó bá rì, ẹ mú ẹyọ mìíràn tó gbẹ, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú, ẹ ṣáná sí i: òwú gidi yóò jó bí ìwé, á di eérú, ọ̀rá yóò yọ́. Ẹ má fi ọwọ́ kan ọ̀rá tó ń yọ́ o. Bó bá lẹ̀ mọ́ ara, tòun ti awọ ara ni yóò jọ bọ́.

Èyí tó ń léfòó yẹn kì í fa omi, ṣùgbọ́n oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Okùn tó bá ń gbé níta lójoojúmọ́ á máa ṣí, á máa já wẹ́wẹ́ bí koríko gbígbẹ. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹ rí, ẹ ra dúdú, nítorí dúdú a máa fara da oòrùn ju àwọn aláwọ̀ mìíràn lọ. Náílọ́ọ̀nù lágbára, ó sì rọ̀, ṣùgbọ́n bí òjò bá pa á, á fa omi mu, á sì gùn sí i. Ìbọn tó wà níbàdí lálẹ́ lè ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́. Nǹkan mìíràn wà lórí náílọ́ọ̀nù tí ọ̀pọ̀ ọdẹ kò mọ̀. Omi bátìrì a máa jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé bátìrì olómi fún iná orí, bí omi rẹ̀ bá kán sí okùn náílọ́ọ̀nù, ojú lè má tètè rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ okùn ti ṣe tán láti já. Pọliẹ́sítà ni mo yàn nínú gbogbo wọn. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un gùn, oòrùn kì í tètè rí i gbé ṣe, omi bátìrì kì í tètè jẹ ẹ́.

Ibo la ti máa rí pọliẹ́sítà tó dára, tí kò ní gba owó lọ́wọ́ wa? Inú ọkọ̀. Bẹ́líìtì tí awakọ̀ ń dè mọ́ àyà, pọliẹ́sítà ni ó sábà máa ń jẹ́, ó sì fẹ̀ tó ìnṣì méjì ó dín díẹ̀. Nínú òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí bẹ́líìtì ọkọ̀, apá tó ń gba àyà kọjá kò gbọdọ̀ já títí agbára tó ń fà á yóò fi tó ìwúwo bíi kílò 1,800. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí ọdẹ ń lò, ó ṣòro kó wúwo ju kílò mẹ́rin lọ. Níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti kú, ní Agodi-Gate n'Ìbàdàn tàbí ní Ládìípọ̀ l'Ékòó, ẹ ó rí irú bẹ́líìtì yìí tí wọ́n gé dànù bí ìdọ̀tí.

Mo ní ìkìlọ̀ mẹ́ta lórí rẹ̀. Ẹ má gé bẹ́líìtì ọkọ̀ tó ṣì ń rìn. Ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ẹ ń gé yẹn. Ẹ má tú irin tí bẹ́líìtì ká sí wò, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ohun abúgbàù kékeré wà níbẹ̀ tó máa ń fa bẹ́líìtì le nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà gé okùn fún yín. Ẹ̀kẹta, ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò. Apá tó ti wà lójú oòrùn fún ọdún púpọ̀ ti ṣá. Èyí tó ká sínú ilé rẹ̀ ló ṣì ń dán. Èyí tó ń dán ni kí ẹ gbà. Bí ẹ bá rí ibi tó ti ya létí, tàbí ibi tó le gbagidi bíi pé iná ti rà á, ẹ fi í sílẹ̀.

Bẹ́líìtì yìí dára fún èjìká, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ ju òrùka ara ìbọn lọ, nítorí ìnṣì kan tàbí ìnṣì kan àti ìdámẹ́rin ni ọ̀pọ̀ òrùka ìbọn ń gbà. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń fi bẹ́líìtì ṣe ibi èjìká nìkan, mo sì ń fi okùn báàgì onínṣì kan ṣe ìrù rẹ̀ méjèèjì. Ẹ gé bẹ́líìtì ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹ gé okùn onínṣì kan sí ọ̀nà méjì: èyí tí yóò lọ sí ìdí ìbọn, ẹsẹ̀ bàtà 1 àti ààbọ̀, èyí tí yóò lọ sí iwájú, ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹ fi ọ̀bẹ tí a yán nínú iná gé wọn, tàbí kí ẹ gé wọn tán kí ẹ wá fi iná àbẹ́là rà wọ́n lórí, kí òwú rẹ̀ má baà tú. Bó bá jẹ́ òwú gidi, iná kò lè rà á. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ kí ẹ sì rán an.

Ẹ tún wá irin kan, irú èyí tó wà lára okùn báàgì àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí a fi ń fà á gùn tàbí kí ó kúrú. Ojú méjì ló ní, igi irin kan sì wà láàárín. Ẹ ra onírin. Onírọ́bà a máa fọ́.

Ibi mẹ́rin péré ni abẹ́rẹ́ yóò dé. Ìrù méjèèjì ni a ó rán mọ́ bẹ́líìtì. A ó ṣẹ́ orí ìrù ẹ̀yìn padà, a ó sì rán an kó di ojóbó tí òrùka ìdí ìbọn yóò wà nínú rẹ̀. A ó gbé orí ìrù iwájú gba inú òrùka iwájú ìbọn, a ó fà á padà wá sí ibi irin olójú méjì, a ó ká a mọ́ igi àárín irin náà, a ó sì rán an. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ ti kọ́kọ́ fi irin náà sára ìrù, bó ṣe wà lára okùn báàgì gẹ́lẹ́. Ẹni tí kò bá yé, kó mú báàgì ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kó máa wò ó bó ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ohun tí rédíò kò lè fi hàn yín, báàgì yẹn yóò fi hàn yín.

Wàyí o, ojú ìrán. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí.

Máṣíìnì tí aránṣọ ń tẹ̀ nílé, ìbáà jẹ́ Singer àtijọ́ tàbí Butterfly, lè ṣe iṣẹ́ yìí bí a kò bá kánjú. Bẹ́líìtì àti okùn tí a gbé léra kò nípọn ju ohun tó lè gbà lọ. Ohun tó ń dá a dúró ni abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán léèsì àti áńkárá. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ fi nọ́ńbà 18 sí i. Ẹ má lo òwú ìránṣọ tí a ń fà já pẹ̀lú ọwọ́. Òwú ọ̀rá tí àwọn ṣúmékà àti aránbáàgì ń lò ni kí ẹ rà, èyí tí kò nípọn jù. Ẹ wé e mọ́ ọwọ́ méjèèjì, ẹ fà á. Bó bá gé ọwọ́ yín kó tó já, ó tó bẹ́ẹ̀. Bí òwú náà bá ń dí lójú abẹ́rẹ́, òwú ti tóbi ju abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ lè fi í sókè nìkan, kí ẹ fi èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ sínú bọ́bìnì, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ òwú ọ̀rá náà.

Ẹ gbé ìrù lé bẹ́líìtì ní ìnṣì 3. Láàárín ìnṣì 3 yẹn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa àpótí kan: ìnṣì 2 ní gígùn, kí ìlà rẹ̀ sì jìnnà sí etí okùn bí ìbú ẹyọ ìrẹsì kan. Ẹ wá fa ìlà méjì tó kọjá láti igun sí igun láàárín rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ yóò tọ̀ nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, ẹ rán yíká títí ẹ ó fi padà dé igun náà. Ẹ gba àárín lọ sí igun tó kọjú sí i. Ẹ tọ etí kúkúrú kan. Ẹ tún gba àárín padà. Ẹ rán lé orí ìlà àkọ́kọ́ díẹ̀ kí òwú lè há, ó tán. Nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ yà ní igun, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wà nínú okùn kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì sókè.

Ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ níbi tó ti nípọn. Ọwọ́ ni kí ẹ fi máa yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú òwú kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ má fa okùn náà láti ẹ̀yìn pé kí ó tètè kọjá, nítorí abẹ́rẹ́ á tẹ̀, á gbá irin ìsàlẹ̀, á sì ṣẹ́ sójú ẹni. Bí ẹsẹ̀ máṣíìnì bá ń gun òkè nítorí pé iwájú nípọn ju ẹ̀yìn lọ, ẹ ká páálí kékeré sí abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó dúró gbọnrangandan. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni gbogbo rẹ̀.

Mélòó ni kí ojú òwú jẹ́? Mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ìnṣì kan. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò fẹ́ jẹ́ kó ṣù pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní èrò pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni yóò ṣe lágbára tó. Irọ́ ni. Ihò ni ojú òwú kọ̀ọ̀kan. Bí ihò bá sún mọ́ra jù, a ti ṣe okùn náà bí ìwé tí wọ́n dá ihò sí lára kí ó lè rọrùn láti ya. Mo ti rí okùn báàgì tó já lọ́nà yìí gẹ́lẹ́: òwú rẹ̀ kò já rárá, okùn ló ya tọ ojú ihò lọ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e.

Bí a bá rán an bí mo ti wí, ojú òwú bí 65 ni yóò wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Òwú ọ̀rá tí aránbáàgì ń lò, ẹyọ kan rẹ̀ lè gbé tó kílò 5 kó tó já. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó ti lé ní kílò 300. Ìbọn kílò mẹ́rin kò lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan, ì báà fò, ì báà bẹ́. Ẹ tún jẹ́ kí àwọ̀ òwú yàtọ̀ sí ti okùn: òwú funfun lórí okùn dúdú. Kì í ṣe nítorí ẹwà. Bí ojú òwú kan bá já, ẹ ó rí i láti òkèèrè.

Ẹni tí kò ní máṣíìnì ńkọ́? Kó má kà á sí àdánù, nítorí ọwọ́ lè rán èyí tó dára ju ti máṣíìnì lọ. Ẹ gé òwú kan ṣoṣo, ẹ fi ìda oyin pa á dáadáa, ẹ so abẹ́rẹ́ kan mọ́ orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìlu, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí àwọn ṣúmékà fi ń dá ihò sí awọ, lu ihò àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ ọ̀tún gba ibẹ̀ lọ sí òsì, abẹ́rẹ́ òsì gba ihò kan náà wá sí ọ̀tún, ẹ fà wọ́n le. Ihò kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ìdí tó fi dára jù ni pé nínú ti máṣíìnì, òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ kàn kọ́ ara wọn lọ́rùn ni. Bí ọ̀kan bá já, èkejì lè tẹ̀ lé e, kí gbogbo rẹ̀ sì máa tú. Nínú ti ọwọ́, bí òwú apá kan bá já, èyí tó wà ní apá kejì ṣì ń gba inú ihò gbogbo kọjá, ó sì di okùn mú. Àwọn ṣúmékà tó ń jókòó lẹ́bàá ọ̀nà ti mọ èyí tipẹ́; ẹ lọ jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan, ẹ ó rí ọgbọ́n kọ́.

Bẹ́líìtì ọkọ̀ a máa yọ̀ lórí aṣọ. Ẹ gé tíúbù táyà tó ṣì rọ̀, ẹ rán an sí inú ibi tí yóò máa kan èjìká. Bàbá Ọdẹ kò ṣìnà tó bá dọ̀rọ̀ tíúbù. Ibi tó fi í sí ni kò tọ́.

Ṣakabùlà tiwa kì í sábà ní òrùka lára. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà pé kó bá òun jó òrùka mọ́ ọ̀pá ìbọn. Iná yẹn a máa ba irin jẹ́, ọ̀pá tí iná ti bà jẹ́ sì lè fọ́ lójú ọdẹ lọ́jọ́ tó bá yìn ín. Awọ ni kí ẹ lò níbí. Níwájú, ẹ gé awọ fífẹ̀, ẹ fi í yí ọ̀pá àti igi abẹ́ rẹ̀ ká, kí ẹ fi okùn awọ dì í pinpin, kí òrùka sì wà lára rẹ̀. Ní ìdí ìbọn, ẹ rán awọ bí ìbọ̀sẹ̀ tí yóò wọ ìdí rẹ̀, òrùka wà lábẹ́. Ẹ má so okùn mọ́ ọrùn ìdí ìbọn níbi tí ọwọ́ ti ń di í mú, kí ó má baà sún lọ kọ́ apátí. Gbogbo iṣẹ́ tó bá kan ara ìbọn, ìgbà tí kò bá sí ẹ̀tù tàbí ọta nínú rẹ̀ ni a ń ṣe é, ẹni tó ni ín ni yóò sì ṣe é fúnra rẹ̀ nílé rẹ̀.

Kí okùn tuntun tó gbé ìbọn, ẹ jẹ́ kí ó gbé omi. Omi lítà kan, kílò kan ni. Ẹ pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ẹ fi okùn náà gbé e kọ́ sórí igi àjà tó lágbára, kí ó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣé ihò abẹ́rẹ́ ti fẹ̀? Ṣé òwú kan ti gbéra sókè? Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ jẹ́ kí ó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹsẹ̀ yín sì jìnnà sí abẹ́ rẹ̀. Bó bá yè é, ó ti kọjá ohun tí ìbọn yóò fi ojú rẹ̀ rí. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé gbígbé tó gbé kẹ́ẹ̀gì kò sọ ọ́ di igbà. Kí adẹ́mu kankan má fi okùn tí a rán báyìí gun ọ̀pẹ. Ìbọn tó já bọ́ ṣeé tún ṣe. Ènìyàn tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ kò ṣeé tún ṣe.

Ọ̀dọ́ aránṣọ tó ń gbọ́ mi, ọjà wà nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn ọdẹ pọ̀ ní abúlé àti ìlú wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn wà láti 2020, àwọn ẹ̀ṣọ́ mìíràn sì wà káàkiri. Ẹni tó bá lè rán àpótí yẹn dáadáa lè rán okùn báàgì, okùn ẹrù orí ọ̀kadà, àti bẹ́líìtì àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ìfínko sẹ́yìn. Àpótí kan náà ni, abẹ́rẹ́ kan náà ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú okùn báàgì ọmọ tiyín kí ẹ tó gba iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ọdẹ wa, kí ẹ tó jáde lálẹ́ yìí, ẹ gbé okùn ìbọn yín sún mọ́ iná. Ẹ má wo àárín rẹ̀. Orí rẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ wò, níbi tó ti kan irin. Bí ẹ bá rí òwú tó ti já níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ẹ fi ìbọn sílẹ̀ lónìí, kí ẹ gbé okùn lọ sọ́dọ̀ aránbáàgì lọ́la.